Irúgbìn Olú Orí Ọkà: Ìtàn Bí A Ṣe Kọ́ Láti Lé Ebu Jìnnà sí Igo

Olú kò ní irúgbìn bí àgbàdo tàbí ẹ̀wà ṣe ní in. Ohun tí ó ń bọ́ láti abẹ́ ìbòrí rẹ̀ nígbà tí ó bá gbó ni eruku kan tí ojú lásán kò lè rí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, èyí tí a óò máa pè ní hóró ìbísí nínú àkọsílẹ̀ yìí. Bí hóró ìbísí bá bọ́ sí ibi tí ó tù ú lára, yóò hu fọ́nrán funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Fọ́nrán yìí gan-an ni ara olú. Èyí tí a ń ká lọ sí ìdí ọbẹ̀ kò ju èso rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbin olú kì í fọ́n hóró ìbísí sílẹ̀. Fọ́nrán ni ó ń gbìn, ohun tí ó sì ti ń fi gbé e láti ibi kan dé ibòmíràn láti nǹkan bí 90 ọdún sẹ́yìn ni ọkà sísè: ọkà bàbà, jéró, àlìkámà tàbí ráì. Igo ọkà tí fọ́nrán ti bò tán ni a ń pè ní irúgbìn olú.

Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé olú nìkan kọ́ ni ó fẹ́ràn ọkà sísè. Ebu irú èyí tí ń hù lórí búrẹ́dì fẹ́ràn rẹ̀, ìwúkàrà fẹ́ràn rẹ̀, bakitéríà oríṣiríṣi fẹ́ràn rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì yára ju olú lọ fíìfíì. Fọ́nrán olú lè lo ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó bo igo kan, ṣùgbọ́n bakitéríà ẹyọ kan lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Nítorí náà, ìtàn irúgbìn olú jẹ́ ìtàn bí ènìyàn ṣe kọ́ láti sọ oúnjẹ kan di mímọ́ pátápátá, tí ó sì pa á mọ́ bẹ́ẹ̀ títí ẹni tí a sè é fún yóò fi jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀kọ́ náà pẹ́ kí ó tó yé àwọn tí ń kọ́ ọ, ọ̀pọ̀ igo ni ó sì bàjẹ́ lójú ọ̀nà.

Kí ọkà tó dé

Ní Paris ni ọ̀gbìn olú ti kọ́kọ́ di iṣẹ́ ajé ńlá ní Yúróòpù. Ní ọdún 1707, Joseph Pitton de Tournefort, onímọ̀ nípa ewéko, ṣàlàyé fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Faransé bí àwọn ológbà ṣe ń fi ìgbẹ́ ẹṣin gbin olú. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ kan ti ń kó iṣẹ́ náà wọ inú ihò tí wọ́n ti ń wa òkúta ìkọ́lé lábẹ́ ìlú, níbi tí ooru àti ọ̀rinrin kì í ti í yí padà. Irúgbìn wọn nígbà náà kò ju èékán ìgbẹ́ ẹṣin gbígbẹ tí fọ́nrán ti wọ̀ lára lọ. Wọ́n á bu ú lára ebè àtijọ́, wọ́n á fi gbin tuntun. Ohunkóhun tí ó bá wà nínú ebè àtijọ́, ìbáà ṣe aràn, ìbáà ṣe ebu, bá a lọ. Àrùn kan tí àwọn ará Faransé ń pè ní môle, èyí tí ń sọ olú di kókó rírà tí kò ní ìrísí, tàn kálẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ihò dé ihò.

Ní nǹkan bí ọdún 1893 sí 1894, Julien Costantin àti Louis Matruchot rí ọ̀nà láti mú hóró ìbísí olú hù nínú igo tí kò sí kòkòrò kankan nínú rẹ̀, Pasteur Institute ní Paris sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta irúgbìn tí ó mọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí Faransé nìkan mọ àṣírí náà. Margaret Ferguson tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 1902 lórí bí hóró ìbísí ṣe ń hù. Ní ọdún 1905, Benjamin Duggar fi hàn pé kò pọn dandan kí a ti orí hóró ìbísí bẹ̀rẹ̀ rárá: bí a bá fa olú tútù ya sí méjì, tí a sì fi ọ̀bẹ tí a ti yọ́ nínú iná gé díẹ̀ nínú ẹran inú rẹ̀ tí ọwọ́ kò tíì kàn, ẹran náà yóò hu fọ́nrán. Inú olú tí ara rẹ̀ le a máa mọ́ bí inú ẹyin. Ọ̀nà Duggar yìí ni àwọn tí ń gbin olú nínú ilé ṣì ń lò títí di òní. (Duggar yìí kan náà ni ó wá ṣàwárí oògùn Aureomycin, ọ̀kan nínú àwọn oògùn apakòkòrò àkọ́kọ́, ní àwọn ọdún 1940, nígbà tí ó ti di arúgbó.)

Síbẹ̀, ìgbẹ́ ẹṣin ni wọ́n ṣì ń rọ sínú igo. Ní ọdún 1932 ni James Sinden, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Pennsylvania State College, gba ìwé-ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ lórí irúgbìn tí a ṣe sórí ọkà. Ìdí tí ọkà fi borí kò le láti rí. A kò lè fọ́n èékán ìgbẹ́ káàkiri ebè láìfọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ọkà ti wà ní hóró hóró tẹ́lẹ̀. Bí a bá mi igo, hóró kọ̀ọ̀kan á gbé fọ́nrán tirẹ̀ lọ, hóró kọ̀ọ̀kan á sì di ibùdó tuntun. Oúnjẹ tí ó wà nínú ọkà pọ̀, nítorí náà fọ́nrán ní agbára láti fo láti orí ọkà sórí ohun tí a bá gbìn ín sí. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ó pọ̀ yìí náà ni ó pe àlejò. Ìgbẹ́ ẹṣin tí ó ti jóná dáadáa kò ní ṣúgà púpọ̀ tí ebu lè yára jẹ. Ọkà kún fún un. Láti ìgbà Sinden ni mímọ́ ti di ọ̀ràn ìyè àti ikú fún irúgbìn.

Ohun tí omi híhó kò lè pa

Ẹni tí kò bá mọ ìdí yóò rò pé bí a bá ti se ọkà fún wákàtí kan lórí iná, ohun gbogbo tí ó wà nínú rẹ̀ ti kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù rò fún ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1876, Ferdinand Cohn ní ilẹ̀ Jámánì fi hàn pé bakitéríà kan tí ń gbé lára koríko gbígbẹ, tí ó sọ ní Bacillus subtilis, a máa ṣẹ́ ara rẹ̀ pọ̀ di kóró líle nígbà tí ayé bá le, àti pé kóró yìí kì í kú nínú omi híhó. Ní ọdún yẹn kan náà ni Robert Koch rí irú kóró bẹ́ẹ̀ nínú bakitéríà tí ń fa àrùn áńtíráàsì lára ẹran ọ̀sìn. Ní ọdún 1877, John Tyndall ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí koríko gbígbẹ ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ronú ọgbọ́n kan: kí a se nǹkan lónìí, kí a fi í sílẹ̀ di ọ̀la kí kóró tí ó ṣẹ́kù lè là, kí a tún un sè nígbà tí ara rẹ̀ ti rọ̀, kí a sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti dúró ti àwọn tí ń ṣe irú. Káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni a ti ń ṣe é: àwọn Hausa ń pè é ní dawadawa, àwọn Bambara ní sumbala, àwọn Wolof ní nététu, àwọn Fọ̀n ní afitin. Wọn a máa se igbá fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nígbà mìíràn láti àárọ̀ di ọjọ́ kejì, wọn a tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ lè bọ́, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a tún un sè, wọn a dà á sínú igbá tàbí agbọ̀n, wọn a sì fi ewé àti aṣọ bò ó fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Kò sí ẹni tí ó fi ìwúkàrà kankan sí i. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ṣí i, ó ti gbóná, ó ti ń fà bí ilá, òórùn rẹ̀ sì ti ń ta síni nímú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ irú wò, Bacillus subtilis ti Cohn ni wọ́n bá níbẹ̀ ju ohun mìíràn lọ. Iná tí ó pa àwọn kòkòrò yòókù ni ó tún ilẹ̀ ṣe fún un.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé àwọn ìwé ọ̀gbìn olú tí a kọ ní òkèèrè máa ń sọ̀rọ̀ nípa kóró yìí bí ẹni pé ọgbọ́n inú yàrá ìwádìí nìkan ni ó lè fi í hàn. Àwọn oníirú kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìwà rẹ̀: wọ́n mọ̀ pé iná kò pa á, pé ó fẹ́ ibi tí ó móoru, pé kì í pẹ́ kí ó tó gba gbogbo igbá. Igo ọkà tí a sè lórí iná lásán, tí a sì dì pa, kò yàtọ̀ sí igbá irú. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ara ọkà yóò máa yọ̀, omi àwọ̀ eérú yóò máa sun sí ara igo, òórùn kíkan tàbí ti ohun tí ó ti rà yóò sì jáde bí a bá ṣí i. Fọ́nrán olú kì í wọ ibẹ̀ mọ́. Oore oníirú ni òfò onírúgbìn olú.

Ohun méjì ni àwọn onírúgbìn fi ń kojú kóró yìí. Èkíní ni rírẹ ọkà sínú omi láti alẹ́ di àárọ̀, wákàtí 12 sí 24, kí a tó sè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kí ọkà lè rọ̀ nìkan ni a fi ń ṣe é. Ìdí mìíràn ni pé kóró a máa là nínú omi náà, ara rẹ̀ a sì rọ̀ kí ó tó bọ́ sínú iná: ọgbọ́n Tyndall náà ni. Èkejì ni agbára èéfín tí a dè mọ́lẹ̀.

Ìkòkò tí ń de èéfín

Omi tí ó ń hó nínú ìkòkò ṣíṣí kò lè gbóná ju 100°C lọ, bó ti wù kí igi tí a kó sábẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó. Bí ilẹ̀ bá sì ṣe ga tó ni kò ní tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ní Jos, ìlú tí ó ga ju ìtẹ́jú òkun lọ ní nǹkan bí mítà 1,200, omi a máa hó ní nǹkan bí 96°C, nítorí náà àṣẹ tí ó bá ẹni tí ń ṣe irúgbìn ní Èkó tàbí Cotonou mu lè ba ti ará orí òkè jẹ́.

Denis Papin, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó fi ìkòkò onídèérí líle han àwọn ọ̀mọ̀wé Royal Society ní ọdún 1679. Egungun ni ó fi ń sè títí tí yóò fi rọ̀. Ìkòkò Papin yìí ni bàbá èyí tí àwọn ìyàwó ilé ń pè ní prẹ́ṣọ̀ pọ́ọ̀tù lónìí. Igba ọdún lẹ́yìn náà, ní 1879, Charles Chamberland tí ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Louis Pasteur ṣe irú rẹ̀ tí ó tóbi fún yàrá ìwádìí, òun ni a mọ̀ sí ọ́tókléfù. Bí èéfín inú rẹ̀ bá fi pọ́ùn 15 lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan ju ti afẹ́fẹ́ ìta lọ, ooru rẹ̀ á dé 121°C, kóró Bacillus kò sì lè fara da èyí pẹ́.

Nínú ilé, prẹ́ṣọ̀ pọ́ọ̀tù ṣe é lò fún igo mélòó kan, bí a bá mọ ìwà rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí ó jáde: kí èéfín máa tú láti ihò orí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú bí i 10 kí a tó gbé òòlé rẹ̀ lé e. Afẹ́fẹ́ tí a bá dè mọ́ inú kì í gbóná bí èéfín, ibi tí ó bá sì lúgọ sí láàárín àwọn igo yóò wà ní tútù ju bí a ṣe rò lọ. Wákàtí kan sí wákàtí kan àti ààbọ̀ ni ọkà ń fẹ́, kì í ṣe ìṣẹ́jú 15 tí àwọn onímọ̀ ń fi sè omi oúnjẹ bakitéríà, nítorí pé ooru a máa pẹ́ kí ó tó wọ àárín ọkà tí a rọ kún igo. Ìkòkò ilé tí agbára rẹ̀ kò tó pọ́ùn 15 ń fẹ́ àkókò tí ó gùn ju èyí lọ. Bí iná bá sì kú tán, kí a fi ìkòkò sílẹ̀ kí ó tutù fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá da omi tútù lé e lórí tàbí tí ó bá yára tú èéfín rẹ̀ ti pe ewu méjì: èéfín lè bó o lójú, àwọn igo sì lè fọ́ tàbí kí òwú ẹnu wọn fò yọ. Bí igo sì ṣe ń tutù, afẹ́fẹ́ ni ó ń fà sínú. Òwú gbígbẹ tí a fi dí i lẹ́nu a máa sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ yìí. Òwú tí omi ti rin kò lè sẹ́ nǹkan kan, ebu a sì máa hù gba inú rẹ̀ kọjá wọ inú igo. Nítorí èyí ni a ṣe ń fi bébà bo òwú kí a tó kó igo sínú ìkòkò.

Ẹni tí kò bá ní ìkòkò yìí lè lo ọgbọ́n Tyndall: wákàtí kan nínú èéfín omi híhó lónìí, bákan náà lọ́la, bákan náà lọ́túnla. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò dáni lójú tó ti èéfín tí a dè, nítorí pé kóró tí kò bá là láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà yóò yè é.

Omi, ẹfun àti hóró tí ó bẹ́

Ìtàn kò fi bẹ́ẹ̀ rántí B. B. Stoller, ó sì yẹ kí ó rántí rẹ̀. Ní ọdún 1962, òun ni ó ṣàlàyé ohun tí jípúsọ́ọ̀mù àti ẹfun ń ṣe nínú irúgbìn orí ọkà. Jípúsọ́ọ̀mù kì í jẹ́ kí àwọn hóró lẹ̀ mọ́ ara wọn, kí igo lè ṣeé mì. Ẹfun, ìyẹn kábọ́nétì ti kálísíọ́ọ̀mù, kì í jẹ́ kí inú igo kan. Àwọn tí wọ́n ń ṣe irúgbìn ní Ghana àti Nàìjíríà a máa po ẹfun díẹ̀ mọ́ ọkà bàbà kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú igo.

Omi ni olórí ọ̀rọ̀ náà. Ọkà gbọ́dọ̀ mu omi tó inú, kí ara rẹ̀ sì gbẹ. Bí a bá sè é ju bí ó ti yẹ lọ, èèpo rẹ̀ yóò bẹ́, funfun inú rẹ̀ yóò dà síta bí ẹ̀kọ, bakitéríà yóò sì rí odò lúwẹ̀ẹ́. Ọkà bàbà ṣe é lò ní ilẹ̀ wa nítorí pé hóró rẹ̀ kéré, èèpo rẹ̀ le, ó sì pọ̀ lọ́jà láti Sokoto dé Tamale. Àgbàdo tóbi jù, ìrẹsì a sì máa yára di òkúta. Lẹ́yìn tí a bá sè é tí ó rọ̀ láìbẹ́, kí a dà á sórí asẹ́, kí a tẹ́ ẹ, kí èéfín kúrò lára rẹ̀. Bí a bá fi hóró mélòó kan sórí bébà tí bébà náà kò rin, ó ti tó rọ sínú igo. Kí igo má sì kún ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ, nítorí mímì àti nítorí afẹ́fẹ́ tí fọ́nrán yóò mí.

Ọwọ́ àti afẹ́fẹ́

Igo tí ó ti mọ́ pátápátá a máa bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú tí a bá ṣí i láti fi fọ́nrán sí i. Afẹ́fẹ́ inú ilé kún fún hóró ìbísí ebu, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku ti aṣálẹ̀ wá bo ilẹ̀, àti nígbà òjò tí ògiri ń hu ebu. Ní ọdún 1962, Willis Whitfield tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Sandia ní Amẹ́ríkà ṣe yàrá kan tí afẹ́fẹ́ tí a ti sẹ́ ń ṣàn gba inú rẹ̀ ní ojú kan náà láìyí, tí eruku kò fi ráyè bà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń lo irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún irúgbìn báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ń fẹ́ iná mànàmáná tí kì í kú láàárín iṣẹ́, ẹni tí ó bá sì ti gbé ní ilẹ̀ yìí mọ ohun tí a ń sọ.

Ohun tí ó bá ilé wa mu jù ni idà kejì ọgbọ́n náà: kí afẹ́fẹ́ dúró ní ojú kan. Àpótí oníke tí ojú rẹ̀ hàn kedere, tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, tí a lu ihò ọwọ́ méjì sí lára, tí a sì fi sípíríìtì nù nínú, tó fún ẹni tí ń ṣe igo mẹ́wàá. Eruku a máa rọlẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tí kò mì. Kí a pa fáànù, kí a ti fèrèsé, kí a dúró fún wákàtí kan kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí a ṣe é ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí ilé tó jí. Kí abẹ́ tàbí abẹ́rẹ́ tí a fi ń gbé fọ́nrán pọ́n nínú iná kí ó tó kan igo kọ̀ọ̀kan. Kí a má sọ̀rọ̀ lórí igo tí ó ṣí. A kò gbọ́dọ̀ tan iná nínú àpótí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sípíríìtì nù. Ìta àpótí ni iná ń gbé.

Bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Kí irúgbìn orí ọkà tó dé, inú igbó ni Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń rí olú. Ní Ghana, níbi tí àwọn Akan ti ń pe olú ní mmire, àwọn ènìyàn ń wá domo lórí ìtí ọ̀pẹ tí ó ti ń rà, àti olú tí ń hù lórí òkìtì ikán. Ní Nàìjíríà, B. A. Oso ti Yunifásítì Ìbàdàn kọ àwọn ìwádìí ní ọdún 1975 àti 1977 nípa àwọn olú tí ènìyàn mọ̀ àti èyí tí ń ta iṣu sábẹ́ ilẹ̀, Pleurotus tuber-regium, tí àwọn Igbo ń pè ní usu tí wọ́n sì ń lọ̀ sínú ọbẹ̀. Olú yìí yẹ ní àfiyèsí nínú ìtàn wa: iṣu rẹ̀ ni irúgbìn rẹ̀. Bí a bá rì í mọ́lẹ̀ tí a bomi rin ín, yóò hù. Èèpo dúdú rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí igo, òwú àti prẹ́ṣọ̀ pọ́ọ̀tù ń ṣe fún olú àlejò.

Ní ọdún 1990 ni ìjọba Ghana bẹ̀rẹ̀ ètò orílẹ̀-èdè kan fún ìdàgbàsókè ọ̀gbìn olú, Food Research Institute ní Accra sì ni ó di orísun irúgbìn. Oríṣi Pleurotus ostreatus kan ni ó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀. Ọkà bàbà ni wọ́n ń ṣe irúgbìn rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú igi arère tí ilé-iṣẹ́ ìlagi ń dà nù, tí àwọn ará Ghana ń pè ní wawa, ni wọ́n ń gbin irúgbìn náà sí. Wọ́n á po lẹ́búlẹ́bú náà mọ́ èérí ọkà àti ẹfun, wọ́n á kó o jọ gègèrè fún nǹkan bí ọjọ́ 28, wọ́n á máa yí i, wọ́n á rọ ọ́ sínú àpò oníke, wọ́n á sì fi èéfín omi sè é nínú àgbá epo fún wákàtí mélòó kan ní ooru tí kò ju 100°C lọ.

Níbí ni àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ti ń ṣẹlẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó rí i pé àgbá epo tó fún àpò lẹ́búlẹ́bú igi yóò rò pé ó tó fún igo ọkà pẹ̀lú, yóò sì dẹ́kun ríra irúgbìn kí ó lè máa ṣe tirẹ̀. Àwọn méjèèjì kò rí bákan náà. Lẹ́búlẹ́bú igi tí ó ti wà ní òkìtì fún ọjọ́ 28 ti pàdánù ṣúgà rẹ̀ fún àwọn tí ó kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀. Ohun tí ó kù ni igi líle tí olú lè jẹ ṣùgbọ́n tí ebu púpọ̀ kò lè tètè jẹ. Àlejò tí ó bá sá mọ́ iná lọ́wọ́ níbẹ̀ yóò bá àwo òfìfo, irúgbìn tí a sì gbìn sí i lọ́pọ̀ yóò ṣáájú rẹ̀. Ọkà sísè jẹ́ àwo tí ó kún. Èmi kò mọ ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí a tẹnu mọ́ ju èyí lọ nínú àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí a ń polówó káàkiri, níbi tí a ti ń fi ìdájọ́ owó tí olú yóò mú wọlé lo wákàtí púpọ̀, tí a sì ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa igo. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti fi owó oko kan lé irúgbìn tí ó ti ń kan nínú kí ó tó dé ọwọ́ wọn.

Kíka igo

Igo tí ó dára a máa funfun bí òwú, òórùn rẹ̀ a sì dà bí ti olú tútù tàbí ti igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Àwọ̀ ewé tútù jẹ́ Trichoderma tàbí Penicillium. Fọ́nrán eérú gíga tí orí rẹ̀ dúdú bí orí abẹ́rẹ́ jẹ́ Rhizopus. Òdòdó bí ọsàn pípọ́n, tí ń tú eruku, tí ń gba inú òwú jáde ní ọjọ́ méjì, jẹ́ Neurospora, ebu tí gbogbo wa ti rí lórí ṣùkù àgbàdo sísè tí a sọ sí ẹ̀bá ọ̀nà nígbà òjò. Ó da búrẹ́dì àwọn ọmọ ogun rú ní Paris nígbà ẹ̀ẹ̀rùn gbígbóná ti ọdún 1842, ìyẹn ni ó sì mú kí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀. Ìwà rẹ̀ burú: ooru tí kò tó pa á a máa jí oríṣi kan nínú hóró ìbísí rẹ̀ lójú oorun. Ibi tí ó bá ti fara hàn, kí a má ṣí igo náà nínú ilé rárá.

Èyí tí ó lè pa ènìyàn ni Aspergillus flavus, tí àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín yẹ́lò àti ewé. Ní ọdún 1960, tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí wọ́n jẹ oúnjẹ tí a fi ẹ̀pà oníebu ṣe. Láti ibẹ̀ ni ayé ti mọ májèlé áfílátọ́síìnì, tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ tí ó sì lè fa jẹjẹrẹ. Iná ìdáná lásán kì í pa májèlé náà tán. Nítorí náà, ọkà irúgbìn tí ó ti hu ebu kì í ṣe oúnjẹ adìyẹ, bó ti wù kí ó dunni láti dà á nù, ọkà tí ó sì ti ń bu láti ọjà kò yẹ fún irúgbìn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ẹni tí igo kan bá yọ̀ fún lè bù nínú rẹ̀ sí igo ọkà mẹ́wàá mìíràn, kí ó sì bù nínú àwọn yẹn sí ọgọ́rùn-ún. Ó tó kí ó dúró níbẹ̀. Bí ìgbé-láti-igo-sí-igo bá ti ń pọ̀ ni agbára fọ́nrán ń dín kù, bakitéríà tí ó fara pamọ́ sínú hóró kan tí ojú kò rí a sì máa pọ̀ sí i ní gbogbo ìgbà. A tún padà sọ́dọ̀ ẹran inú olú tuntun, bí Duggar ti ṣe, tàbí sọ́dọ̀ ilé-ìwádìí. Igo tí ó bàjẹ́ ni a ń sè lẹ́ẹ̀kan sí i ní dídì kí a tó ṣí i níta, jìnnà sí ibi iṣẹ́, kí a sì ri ohun inú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Igo náà, lẹ́yìn tí a bá fọ̀ ọ́ tí ó gbẹ, ni a tún ń rọ ọkà mìíràn sí.